Ohun Tí Mo Rí, Ohun Tí Mo Gbọ́: Àríyànjiyàn Àwọn Ọ̀mọ̀wé Ifẹ̀ àti Ọ̀rọ̀ Ìlobù òun Ifọ́n-Ọ̀ṣun

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Gbogbo wa ní Ìlobù àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun la mọ òwe yìí. Gbogbo wa náà la sì ń dá ẹjọ́ lójoojúmọ́ láìgbọ́ tẹnu ẹnìkejì.

Ìlobù ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ifọ́n-Ọ̀ṣun sì ni ti Òrolú. Ìlú méjèèjì kò jìnnà sí Òṣogbo, wọ́n sì súnmọ́ ara wọn débi pé àlejò tó bá ń kọjá lọ nínú ọkọ̀ kò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí àti ibi tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí àlejò kò mọ̀ yìí gan-an ni ìjà wà. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ààlà ti ń dá wàhálà sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ní ọdún 2025, ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì ṣe òfin kónílé-ó-gbélé.

Mi ò ní sọ ìlú tí mo ti wá nínú méjèèjì. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka àròkọ yìí wo ohun tí mo sọ kó tó wo ẹni tó sọ ọ́.

Lẹ́yìn tí a padà sí kíláàsì, olùkọ́ kan ní kí a kọ àròkọ lórí ohun tó fa ìjà náà. Ọmọ ìlú méjèèjì ló wà nínú kíláàsì wa. Àwọn tó wá láti ìhà kan kọ ọ́ pé baba ńlá àwọn ló kọ́kọ́ dé, pé àwọn ló fi ilẹ̀ ta àwọn yòókù lọ́rẹ. Àwọn tó wá láti ìhà kejì kọ ohun kan náà, orúkọ ìlú nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Olùkọ́ wa fi báírò pupa tún àmì ohùn àti gírámà wa ṣe, ó fún wa ní máàkì, ó sì dá ìwé wa padà. Kò sẹ́ni tó bi ẹnikẹ́ni nínú wa pé, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Kò sì sẹ́ni tó bi wá pé, "Kí lo fẹ́ fi mímọ̀ náà ṣe?"

Ìbéèrè méjì wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá ti ń jiyàn lé lórí fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọ̀nà ìwádìí, èkejì jẹ́ ti ète ìwádìí. Ní òkè òkun, Émile Durkheim, ọmọ Faransé, kọ ìwé kan ní 1895 níbi tó ti sọ pé kí olùwádìí máa wo ìṣe àwùjọ bí ẹni ń wo nǹkan gidi tó wà níta ara rẹ̀, kó má sì jẹ́ kí ohun tó ti gbà lọ́kàn tẹ́lẹ̀ darí òun. Max Weber, ọmọ Jámánì, gba ọ̀nà mìíràn. Lójú tirẹ̀, ohun tí ènìyàn ní lọ́kàn nígbà tó ń ṣe nǹkan jẹ́ ara nǹkan náà, olùwádìí sì gbọ́dọ̀ lóye rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi igi pèrègún ṣe àpèjúwe. Ẹni tó bá ń ka igi láti òkèèrè yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé pèrègún mélòó kan wà lẹ́bàá oko. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ oko mọ̀ pé pèrègún kì í ṣàdédé tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ààlà ni wọ́n fi í pa. Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn ka igi tán, kò rí ẹjọ́ tó wà ní ìdí igi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó mọ ìtumọ̀ pèrègún tí kò kà á lè ní mẹ́wàá wà níbi tí mẹ́ta wà. Nítorí náà, mi ò rò pé ó yẹ ká fi ọ̀kan sílẹ̀ mú ọ̀kan.

Àríyànjiyàn tó kàn mí jù lọ kò ti òkè òkun wá. Nílé-Ifẹ̀ ló ti wáyé, nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa níhìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní yunifásítì ló kọ́kọ́ sọ fún mi nípa rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Akinsọlá Akíwọwọ jẹ́ olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ó rí i pé gbogbo irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa láti yẹ àwùjọ wò ni wọ́n rọ ní ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun. Ó wá bèèrè pé ṣé kò sí irin nílé ni? Nínú àkànṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, ó mú ọ̀rọ̀ méjì tí gbogbo Yorùbá mọ̀, àjọbí àti àjọgbé, ó sì fi wọ́n ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe ń di àwùjọ: àwọn tí ẹ̀jẹ̀ so pọ̀ àti àwọn tí ibùgbé so pọ̀. Ní 1986, ó tẹ àpilẹ̀kọ mìíràn jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà International Sociology. Nínú èyí, ó tú àyájọ́ kan láti ìdí Ifá, ó sì fa tíọ́rì tó pè ní àsùwàdà yọ nínú rẹ̀. Kókó rẹ̀ ni pé ìwà ẹnìkọ̀ọ̀kan ni ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìwà tó lè dá dúró. Inú kí ẹ̀dá sù pọ̀ ni ìwà ti ń di pípé. Ó ka ire márùn-ún tí àwùjọ ń wá: ire àìkú, ire owó, ire ọkọ tàbí aya, ire ọmọ àti ire àborí ọ̀tá. Ó tún fún iṣẹ́ ìmọ̀ ní ète kan tí orúkọ rẹ̀ dùn mọ́ mi: ìfọgbọ́ntáayéṣe.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ní 1988, M. Akin Mákindé, onímọ̀ èrò-ìjìnlẹ̀ ní Ifẹ̀ kan náà, tú tíọ́rì náà palẹ̀ láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ní 1990, O. B. Lawuyi àti Olúfẹ́mi Táíwò fèsì fún àwọn méjèèjì. Bí mo ṣe lóye wọn, wọn kò sọ pé kò yẹ kí a fi èdè wa ronú. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ kan tó dúró gírígírí, kí a sì rí iṣẹ́ tó ń ṣe. Tí mo bá sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ tèmi: ẹni tó rọ ọkọ́ tuntun, kó gbé e lọ sóko kí a rí i bó ṣe ń kọ ebè.

Oko ti wà nílẹ̀ fún wa ní Ìlobù àti Ifọ́n. Mo fẹ́ gbé ọkọ́ Akíwọwọ lọ síbẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àsùwàdà. Òótọ́ ni pé ẹ̀dá kì í dá gbé. Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ tí ìjà le, kí ni àwọn ọ̀dọ́ ṣe? Wọ́n sù pọ̀. Ẹni tí kò tíì bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti oṣù mélòó kan tẹ́lẹ̀ di arákùnrin rẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí wọ́n ní ọ̀tá kan náà. Ìrẹ́pọ̀ inú ìlú kan kò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tó so àwọn kan pọ̀ yìí náà ló yà wọ́n nípa sí àwọn kejì. Tíọ́rì tó bá ní ire ni sísù pọ̀, ó gbọ́dọ̀ sọ fún wa irú sísù pọ̀ tó ń kọ́ ilé àti irú èyí tó ń dáná sun ún. Mi ò rí ìdáhùn tó tó nínú àsùwàdà.

Ẹ tún wo ire karùn-ún, ire àborí ọ̀tá. Fún ẹnìkan ṣoṣo tó ń bá àìsàn tàbí òṣì jà, ire ni lóòótọ́. Ó dà bí ẹni pé irú èyí ni Akíwọwọ ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìlú kan bá ń tọrọ ire yìí, tí ọ̀tá tó ní lọ́kàn sì jẹ́ ìlú tó wà lódìkejì ọ̀nà, ire ìhín ti di ibi ọ̀hún. Kò sí àdúrà tí àwọn ìlú méjèèjì lè jọ ṣe "àṣẹ" sí níbẹ̀. Níhìn-ín, mo fara mọ́ Lawuyi àti Táíwò: kí a tó fi ọ̀rọ̀ ilé ṣe irinṣẹ́, ó yẹ kí a mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà lè gé lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n àjọbí àti àjọgbé ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ mi ju bí mo ti rò lọ. Ohun tí a sábà máa ń sọ ni pé àwa ará ìlú yìí ni àjọbí, àwọn ará ọ̀hún ni àjọgbé, bóyá wọn ò tilẹ̀ tó àjọgbé. Nígbà tí mo fi ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹ àwọn ilé tí mo mọ̀ wò, ààlà àjọbí kò bá ààlà ilẹ̀ dọ́gba rárá. Ìyàwó ti kọjá síhìn-ín, ìyàwó ti kọjá sọ́hùn-ún. Ọmọ kan lè ní bàbá níhìn-ín kó sì ní ìyá àgbà lọ́hùn-ún. Àwọn tí a ń pè ní àjèjì wà nínú àjọbí wa. Àwọn kan tí a ń pè ní ará ilé sì jẹ́ ayálégbé tó dé láìpẹ́. Máàpù kò lè fi ìyẹn hàn wá. Ọ̀rọ̀ Yorùbá méjì tí bàbá àgbà kan lọ fún ìmọ̀ ló fi hàn mí. Nítorí náà, mi ò gbà pé asán ni iṣẹ́ Akíwọwọ.

Àríwísí kan wà tí mo ní fún gbogbo wọn pátá. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń ja ọ̀rọ̀ níyàn nínú àwọn àpilẹ̀kọ wọ̀nyí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Wọ́n jiyàn lórí ohun tí àjọgbé jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jọ gbé kò sí nínú ìjókòó. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nínú àríyànjiyàn yìí, àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ló gbọ́n.

Mo gbìyànjú láti ṣe díẹ̀ nínú ohun tí mo ní wọn kò ṣe. Mo ya ìwé ìbéèrè tó ní "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" gẹ́gẹ́ bí a ṣe kọ́ wa, mo sì mú un lọ bá àwọn ènìyàn díẹ̀ ní àdúgbò wa. Ọ̀dọ̀ màmá tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata ni mo kọ́kọ́ lọ.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ìjà yìí kàn yín?"

"Rárá o, ọmọ mi. Kò kàn mí."

Mo fàmì sí "rárá", mo sì dúpẹ́. Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, wọ́n ní, "Ṣé o rí i pé mo ti ń tètè palẹ̀ mọ́? Àwọn tó ń gbé ata wá láti ọ̀hún ò wá mọ́. Àwọn ni wọ́n ń jẹ́ kí epo ẹ̀rọ yìí pé mi."

Ìgbà yẹn ló yé mi. Ohun tí mo bèèrè ni bóyá ìjà náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni bóyá ọwọ́ wọn wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà, "kàn", ló gbé ìtumọ̀ méjèèjì. Ká ní mo ti kúrò níbẹ̀ ni, ǹ bá kọ irọ́ sílẹ̀, gbogbo ìṣirò tí mo bá sì ṣe lórí rẹ̀ ìbá péye.

Mo tún lọ bá bàbá kan tó ti dàgbà gan-an. Bàbá náà sọ ìtàn ààlà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìṣiyèméjì. Mo wá bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin fúnra yín fi ojú rí i?" Wọ́n ní rárá, bàbá àwọn ló sọ fún àwọn. Mo ní, "Kí ni ẹ̀yin fúnra yín wá fi ojú rí?" Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní àwọn rí bàbá àwọn àti bàbá kan láti ìlú kejì tí wọ́n jọ ń gbin ẹ̀fọ́ ní àkùrọ̀ kan náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ẹnì kankan kò sì gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kejì.

Ohun tí wọ́n gbọ́ pín ilẹ̀ sí méjì. Ohun tí wọ́n rí kò pín in.

Ọ̀nà tí mo gbà bi bàbá náà léèrè kì í ṣe tèmi. Ní 1986 kan náà tí Akíwọwọ tẹ àsùwàdà jáde, àwọn onímọ̀ èrò-ìjìnlẹ̀ méjì tí àwọn náà ti kọ́ni ní Ifẹ̀, Barry Hallen àti J. Olúbí Ṣódípọ̀, tẹ ìwé kan jáde. Wọ́n bá àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Èkìtì jókòó láti mọ bí Yorùbá ṣe ń lo "mọ̀" àti "gbàgbọ́". Àwọn oníṣègùn náà jẹ́ kó yé wọn pé ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni ìmọ̀. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, tàbí tó kà nínú ìwé, ìgbàgbọ́ ni: ó gbà á bó ṣe gbọ́ ọ. Ìgbàgbọ́ kì í ṣe irọ́. Bí a bá dán an wò tó sì rí bẹ́ẹ̀, ó lè di ìmọ̀. Ṣùgbọ́n títí di ìgbà náà, ẹni tó bá pè é ní ìmọ̀ ti kánjú.

Lójú tèmi, ìyàtọ̀ yìí wúlò fún wa ju àsùwàdà lọ. Tí a bá fi yẹ àròkọ kíláàsì wa wò, ìgbàgbọ́ ló kún inú rẹ̀ bámúbámú. Kò sí ọ̀kan nínú wa tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tẹ ìlú dó.

Ẹnìkan lè bi mí pé: bí ojú nìkan bá ló ń mọ̀, ṣé a ò wá ní ìtàn mọ́ ni? A ní in. Àmọ́ ó yẹ kí ìtàn jẹ́wọ́ ibi tó ti wá, kó sì gbà kí a dán òun wò lára ohun tó ṣì wà nílẹ̀: ìwé ilé-ẹjọ́, máàpù, igi ààlà, sàréè, àti ìtàn tí ìlú kejì ń sọ. Ìwé náà kò ju ìdánwò lọ, nítorí ẹni tó kọ ìwé ti gbọ́ lẹ́nu ẹnìkan. Ní 1955, P. C. Lloyd kọ ọ́ nínú ìwé àtìgbàdégbà Odù pé ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ àwọn ìlú Yorùbá máa ń bá ẹ̀tọ́ tí àwọn ènìyàn ń jẹ lọ́wọ́lọ́wọ́ mu. Mi ò ní sọ pé gbogbo ìtàn wa rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi ìtàn kọ̀ọ̀kan pé, "Ta ni ìwọ ń bá gba ilẹ̀?"

Ojú náà kì í sọ ohun tó dùn nìkan. Ọmọ kíláàsì wa kan rí ilé bàbá rẹ̀ bó ṣe ń jó. Ìmọ̀ ni ìyẹn. Bí mo bá gbé ìtàn àkùrọ̀ jáde tí mo sì fi ti ilé tó jó pamọ́ nítorí pé àlàáfíà ni mo ń wá, èmi náà ti di agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá.

Ìyẹn ló mú mi dé ìbéèrè kejì, ìbéèrè ète. Àwọn kan ní iṣẹ́ onímọ̀ ni kó mọ̀, kó sọ ohun tó mọ̀, kó lọ. Akíwọwọ ní kí a fi ọgbọ́n tún ayé ṣe. Lójú ọmọ tó gbé ní ibi tí ìjà ti wáyé, ti Akíwọwọ ló bójú mu, nítorí ìwádìí tó kàn fẹ́ mọ̀ wá lásán máa ń fi wá sílẹ̀ bó ṣe bá wa. Ṣùgbọ́n ewu wà níbẹ̀. Ọmọ ìlú tó kọ ìtàn ìlú rẹ̀ láti fi gba ilẹ̀ náà ní òun ń fọgbọ́n tún ayé ṣe. Ohun tí mo gbà ni pé ète lè yan ìbéèrè fún wa, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ yan ìdáhùn. Nítorí àlàáfíà ni mo ṣe lọ bi bàbá yẹn léèrè. Ká ní wọ́n sọ fún mi pé ìjà ni àwọn rí ní àkùrọ̀, ìjà ni ǹ bá kọ.

Ó ku ohun kan. Mo sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé mi ò ní sọ ìlú mi. Bí mo ṣe ń kọ àròkọ yìí lọ, mo rí i pé kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ sọ ibi tó dúró sí kí a tó mọ ohun tí ojú rẹ̀ lè rí. Ìlobù ni bàbá mi ti wá. Ifọ́n ni wọ́n ti fẹ́ màmá mi. Ìlobù ni mò ń gbé, ìdí nìyẹn tí màmá ọlọ́ta àti bàbá yẹn fi jẹ́ ará ìhà kan ṣoṣo. Àìpé ìwádìí mi nìyẹn. Nígbà tí ọ̀nà bá tún là dáadáa, màá mú ìwé mi kọjá sí ọ̀hún, màá sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà.

Bí olùkọ́ kan bá tún ní kí àwọn ọmọ kíláàsì kọ ohun tó fa ìjà yìí, kí ó jọ̀wọ́ ní kí wọ́n fa ìlà sí àárín ìwé. Kí wọ́n kọ "Mo rí" sí apá kan, kí wọ́n kọ "Mo gbọ́" sí apá kejì. Nínú àròkọ tí mo kọ́kọ́ kọ ní kíláàsì lọ́jọ́ náà, apá "Mo gbọ́" ni gbogbo rẹ̀ ì bá wà. Máàkì méjìdínlógún nínú ogún ni wọ́n fún mi.